Ààwẹ̀ Tí N Kò Gbà

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà sí. Nọ́ọ̀sì ní kí n bọ́ bàtà, mo bọ́ ọ. Ó ní kí n yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúrò lápò, mo yọ wọ́n. Èmi fúnra mi tún ṣí fìlà, bí ẹni pé fìlà ló ń wúwo. Kílò méjìdínlọ́gọ́fà ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ kà fún mi.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò kò ju ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọlé, ọ̀rá sì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní bí n kò bá dín oúnjẹ kù, kí n má bi òun léèrè ohun tí ojú mi máa rí tí mo bá súnmọ́ ọgọ́ta ọdún. Ó kọ oògùn fún mi. Ó ní kí n máa jẹ kẹ́nkè, ẹ̀kọ àgbàdo tí à ń jẹ níbí, ẹyọ kan dípò mẹ́ta, kí n yé mu mọ́ọ̀tì, kí n máa jẹ ẹyin sísè, kùkúńbà, ẹ̀wà, àti ẹ̀fọ́ kóńtómírè tí epo rẹ̀ kò pọ̀, kí n sì máa fẹsẹ̀ rìn. Ó tún fi kún un pé n kò gbọ́dọ̀ fi ebi pa ara mi nítorí oògùn yẹn. Mo tètè ń sọ eléyìí kó má baà dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo wá àwáwí.

Wáyà, gílóòbù àti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà ní ọjà Okaishie nílẹ̀ àwọn Gáà, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà níbẹ̀. Ní ìlà wa, a kì í dá oúnjẹ ọ̀sán jẹ. Bí agogo kan bá ti lù, ẹnì kan á ra waakye, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, tàbí kẹ́nkè pẹ̀lú ẹja díndín, á gbé e sórí páálí, á sì pe gbogbo wa. Tí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò wá, àfi kí o ní ìdí. Wọn ò wo oúnjẹ tí o kò jẹ. Ohun tí o ní nínú sí ẹni tó pè ọ́ ni wọ́n ń rò.

Lọ́jọ́ kìíní tí mo ní mo ti yó, ẹni mẹ́ta ló bi mí bóyá ọjà ò tà. Ẹnì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní tí ìyàwó mi bá ń dà mí láàmú kí n má fi pamọ́ fún òun. Gbólóhùn kan ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà, pé dókítà ní kí n dín ara kù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ní ikùn ní ọjà wa, ọlá ni wọ́n ń kà á sí. Èmi ò lè la ẹnu láàárín àwọn akẹgbẹ́ mi kí n sọ pé mò ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ bí ọmọge tó ń múra ìgbéyàwó. Ojú ń tì mí. Bí o bá sì pe orúkọ àìsàn jáde ní Okaishie pẹ́nrẹ́n, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti máa bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn.

Ọjọ́ kejì bọ́ sí Àlàmísì, ìyẹn Ọjọ́bọ̀. Wọ́n tún pè mí síbi waakye, mo tún sún sẹ́yìn. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tó fara kan tèmi ló bá mi sọ̀rọ̀. Báàfù, ike àti ìkòkò ló ń tà. Àdúgbò Lagos Town níbí ni wọ́n bí i sí, níbi tí èmi náà ń gbé, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tí n kò gbọ́ Twi tí n kò gbọ́ Gáà, òun ló ń bá àwọn oníbàárà mi dúnàá-dúrà fún odidi ọdún kan. Àbúrò ló ń pè mí, Àlàájà ni èmi ń pè é.

“Àbúrò,” ó ní, “àbí ààwẹ̀ lò ń gbà ni?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu mi kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan. Gbogbo wọn ní kí Ọlọ́run gbà á, wọ́n yí waakye wọn sí ọ̀nà ibòmíràn kí òórùn rẹ̀ má baà dà mí láàmú, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni rere. Àtìní, ìyẹn Ọjọ́ Ajé, àti Àlàmísì, ọjọ́ ààwẹ̀ àfínnúfíndọ̀ṣe, ni mo kọ́kọ́ ń fi ṣe é. Nígbà tó yá mo ní mo ti fi ọjọ́ kún un, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ méjì péré ni ikùn mi ń jẹun lọ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àìlà, màá gun òkè lọ sí yàrá tí mò ń kó ọjà sí, màá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, màá sì jókòó sáàárín àwọn páálí gílóòbù. Ìyàwó mi ló ń di oúnjẹ náà fún mi: ẹyin sísè mẹ́ta, kùkúńbà, ẹ̀wà díẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó ẹyin láìdún. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. Ìyàwó mi mọ ohun tí mò ń ṣe, kò sì fẹ́ ẹ.

“Dádì,” ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan bó ṣe ń de ìdérí abọ́ náà, “bí ẹ ò bá lè sọ fún wọn pé ẹ̀ ń tọ́jú ara yín, kí ló dé tí ẹ fi ń kó Ọlọ́run mọ́ ọn?”

Mo ní ọ̀rọ̀ ọjà kò yé e. Ó yé e dáadáa. Mo gba abọ́ mi, mo jáde. Láàárọ̀, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Lagos Town dé oríta Circle kí n tó wọ ọkọ̀ akérò trotro, lójoojúmọ́ ni mo sì ń rò ó lójú ọ̀nà pé òní ni màá sọ òótọ́. Tí mo bá fi máa dé Okaishie, ó ti di ọ̀la.

Oúnjẹ dókítà náà ṣiṣẹ́ o. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, kílò mẹ́fà ti lọ, ṣòkòtò ń yọ́ bọ́ nídìí mi. Àwọn ará ọjà ń sọ pé ojú mi ń tàn, pé ìmọ́lẹ̀ ààwẹ̀ ni. Bí àwọn kan bá ń pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní kí wọ́n rọra, aláàwẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Jímọ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan dìde fún mi ní sàfù iwájú. Ojú tì mí, mo sì jókòó síbẹ̀. Kí n má parọ́ lé irọ́, ó dùn mọ́ mi. Láti kékeré mi, kò sí ẹni tó kà mí mọ́ olùfọkànsìn rí.

Ọ̀sán Àlàmísì kan ni Àlàájà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá wà nílẹ̀. Ó mú báàfù kan dání, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, báàfù náà kò sì dọ̀tí.

“Àbúrò, o mọ ọmọ mi tó wà ní Kumasi.”

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ni ọmọ tó bí.

“Oyún mẹ́ta ló ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára. Ọ̀kan oṣù márùn-ún, ọ̀kan oṣù mẹ́fà. Èyí ìkẹyìn ti ń fẹsẹ̀ gbá a nínú.” Ó yí báàfù náà sí òdìkejì. “Ó tún ti lóyún. Oṣù mẹ́rin rèé. N ò tíì sọ fún ẹnì kankan ní ọjà yìí.”

Mo ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.

“Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ ò pọ̀. Tí o bá fẹ́ ṣínu nírọ̀lẹ́, kí omi tó kan ọ̀nà ọ̀fun ẹ, bá mi dárúkọ ọmọ yẹn. Ọlọ́run máa ń gbọ́ ti aláàwẹ̀ lásìkò yẹn paa.”

Ẹyin mẹ́ta ṣì wà nínú ikùn mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo jẹ wọ́n. Ó yẹ kí n sọ fún un. Ẹni tó gbé àṣírí ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ó yẹ kí n fi tèmi san án fún un.

“Mo ti gbọ́, Àlàájà,” ni mo wí. “Eléyìí ò ní bà jẹ́.”

Ó ṣe àmín, ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo gbàdúrà náà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrun màgàríbà, mò ń dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ la jọ mọ ohun tí mo jẹ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n kúkú gba ààwẹ̀ náà ní tòótọ́. Mo jí sààrì, mo lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo gba ọjà lọ. Kó tó di àìlà, oògùn náà ti fi ìtọ̀ fa omi ara mi gbẹ, òòyì ń kọ́ mi, mo di ògiri mú kí n tó lè ta gílóòbù kan. Mo gun òkè, mo jẹun. Mo sọ fún ara mi pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pe Àlàájà síbi kẹ́nkè, kò lọ. Ó kàn juwọ́ sí wọn láti orí àpótí rẹ̀ ni. Mo kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Àlàájà, ṣé kò sí?”

“Ɛnyɛ hwee,” ó ní. Bó ṣe máa ń fi Twi sọ pé kò sí nǹkan nìyẹn. “Mo bá ọ dá sí i ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.”

“Ẹ bá mi dá sí kí ni?”

“Sí ààwẹ̀. Ìwọ tí kì í ṣe ìwọ lo bí i, o ti rù nítorí ọmọ mi. Wo ọrùn ẹ. Ṣé kí èmi wá jókòó níwájú ẹ kí n máa jẹ ẹja?”

Gbogbo ìlà wa la mọ̀ pé Àlàájà ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń lo oògùn sí i. Mo bi í pé oògùn rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun ti sún un sí àsìkò sààrì.

“Ẹ má ṣe é mọ́, Àlàájà. Ó léwu fún yín. Tèmi nìkan ti tó.”

“Èmi ni ìyá ẹ̀,” ó ní, bí ẹni pé mo ti gbàgbé.

Àyè ọ̀rọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Kí n sọ pé mi ò gbààwẹ̀ kankan, á jẹun, á bínú sí mi, ara rẹ̀ á sì le. Ni oníbàárà kan bá dé, ó fẹ́ wáyà ogún mítà. Inú mi dùn pé ó dé. Mo wọn wáyà náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè pẹ́, nígbà tí mo sì máa fi gbójú sókè, Àlàájà ti ń dá ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò lóhùn. Irọ́ tí mo pa níṣàájú, mo lè sọ pé ojú ló tì mí. Èyí yàtọ̀. Mo mọ ohun tó lè ṣe obìnrin náà, mo sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. N kò sọ fún ìyàwó mi pàápàá, nítorí mo mọ ohun tó máa wí.

Ọjọ́ Àtìní kan ni, nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, mo ti fi omi yọ ẹnu, nígbà tí mo gbọ́ tí báàfù ń ya lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ọ̀kan lórí èkejì. Mo sáré débẹ̀. Àlàájà wà nílẹ̀ láàárín wọn. Òógùn ti lẹ ìborùn rẹ̀ mọ́ ọn lórí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń bi mí bóyá ọkọ̀ Kumasi ti dé.

Èrò ti pé lé wa lórí. Ẹnì kan ń sọ pé kí wọ́n da omi tútù sí i, ẹlòmíràn ń sọ pé ooru ni. Èmi mọ̀ pé ṣúgà ti tán lára rẹ̀. Mo ké sí obìnrin tó ń ta ohun mímu tútù ní òdìkejì, ó mú mọ́ọ̀tì wá. Mo ṣí i, mo gbé e sí Àlàájà lẹ́nu. Ó pa eyín pọ̀.

“Mò ń gbààwẹ̀,” ó ní. Díẹ̀ ló kù kí ohùn rẹ̀ má jáde.

“Ẹ mu ún. Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.”

“Àwa méjèèjì ni.” Ó yí ojú kúrò. “Tí mo bá ṣẹ́ ẹ, tí ìwọ ò ṣẹ́ ẹ. Ọmọ mi.”

Mọ́ọ̀tì ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ lọ sí ọrùn. Mo wo àwọn tó dúró yí wa ká. Gbogbo ìlà wa ni, kò sí ẹni tó ṣẹ́ kù.

“Àlàájà, ẹ gbọ́ mi. Mi ò gbààwẹ̀. Mo ti jẹun lónìí, ẹyin mẹ́ta. Mo jẹun ní Àlàmísì. Mi ò gbààwẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti bi mí.”

Ó mi orí pé rárá. Ó rò pé mò ń tan òun kí òun lè mu ún ni. Ni mo bá gbé mọ́ọ̀tì náà sẹ́nu ara mi. Mo mu ún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo wọn. Àlàájà tẹjú mọ́ ọ̀nà ọ̀fun mi títí mo fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, mo sì rọra ń ta ìyókù sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Nínú takisí tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù, ojú rẹ̀ ti ń wálẹ̀, ó ti mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mò ń retí kí ó bú mi. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí ó bú mi.

“Láti ìgbà wo?” ó bi mí.

“Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, Àlàájà. Dókítà ló ní kí n dín ara kù. Ojú ló ń tì mí láti sọ.”

Ó yí ojú sí fèrèsé.

“Ta ló wá ń bá mi tọrọ ọmọ yẹn láti ọjọ́ yìí?”

Mo fẹ́ sọ fún un pé mò ń gbàdúrà náà, pé kò sí ìrọ̀lẹ́ tí n kò dárúkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, èmi ni mo sọ fún wọn pé ààwẹ̀ ló ń gbà, èmi náà ni mo sọ ìgbà tó lo oògùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà sí ọjà. Ó kí mi, ó bèèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n “ọ̀gá” ló fi pè mí. Bó ṣe ń pe ẹni tó wá ra báàfù kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì mọ̀ ọ́n rí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ “àbúrò” lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi bá mi lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, ó fún wa lómi mu, ó sì sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ará ìlà wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aláàwẹ̀ Ẹlẹ́yin ni wọ́n ń pè mí, nígbà tó yá ó sú wọn. Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tó fi oúnjẹ dókítà yẹn ṣe mí ní ẹ̀sín. Níta gbangba ni mo ti ń jẹ kùkúńbà mi báyìí. Ọkùnrin tó ń ta rédíò ní ọwọ́ ìsàlẹ̀ bi mí bóyá ó ń fa ikùn wọlé lóòótọ́, ó sì ní kí n bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtìjú tí mo torí rẹ̀ parọ́, orí èmi nìkan ló wà látilẹ̀wá. Mo ti di kílò mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí àwọn aláìsàn yòókù wá kọ́ ìfaradà lọ́dọ̀ mi. Mò ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń yìn.

Ọmọ Àlàájà ti Kumasi wá bímọ sílé. Obìnrin ni, òun àti ìyá rẹ̀ wà láyọ̀. Àlàájà yà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti sọ ọjọ́ ìkómọ, ó sì yà ní tèmi bó ṣe yà ní ti àwọn yòókù. Mo fẹ́ fi ọjà kẹ́wọ́. Ìyàwó mi ní tí n kò bá lọ, òun ò ní dá mi lóhùn fún oṣù kan. Mo lọ.

Àgbàlá ilé wọn ní Lagos Town kò fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo jókòó sí. Áfáà sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni áfáà ní kí ẹnì kan nínú àwọn ará Okaishie bá wọn ṣe àdúrà fún ọmọ náà. Ọkùnrin kan láti ìlà àwọn tó ń ta ìpara na ọwọ́ sí mi.

“Aláàwẹ̀ wa nìyí,” ó ní. “Òun ló gbààwẹ̀ fún oyún yìí.”

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlà wọn jìnnà sí tiwa, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà tí Àlàájà fúnra rẹ̀ sọ kí ó tó ṣubú nìkan ló gbọ́. Gbogbo ojú yí sí mi, àwọn àgbàlagbà ń mi orí sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo sì ti ń dìde. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ti ń dìde.

Àlàájà ti ẹnu ọ̀nà yàrá jáde pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. “Ẹ jẹ́ kó jẹun.”

Ó gbé abọ́ náà lé mi lórí itan: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó kún dé etí, ẹran mẹ́rin. Ó fi ṣíbí lé mi lọ́wọ́, ó sì dúró tì mí. Bàbá kan ní ìdí ògiri kejì bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà dípò mi. Ó ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọmọ náà, ó ń tọrọ ọmú fún ìyá rẹ̀, gbogbo àgbàlá ń ṣe àmín. Mo bu ìrẹsì sẹ́nu, mò ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo máa fi rí i gbé mì, àdúrà ti parí.